Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún, Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

"Má mí," ni Ìyá Elépo wí. "Bí o bá ń mí báyìí, imú ni yóò gbà wọlé."

Fàósátù sé èémí. Ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi ìka méjì bù nínú àpáàdì, tó sì ń rẹ́ mọ́ ọn lójú, ti wà lábẹ́ ibùsùn láti ọjọ́ Jímọ̀ kí ó lè jọ ara rẹ̀ dáadáa. Ọṣẹ dúdú ni, tí wọ́n gún mọ́ ìgbẹ́ ẹyẹlé, tí wọ́n da omi ògì kíkan lé, tí wọ́n wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí títí ó fi ń hó. Ìdin kan ń rìn létí àpáàdì náà. Ìyá Elépo fi èékánná ta á dànù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èébì rú sí Fàósátù lọ́fun. Ó gbé e mì, torí pé ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ gan-an.

"Ó ń ta mí, Ìyá."

"Kí ó máa ta ọ́. Títa yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ jókòó sínú oòrùn kí ó gbẹ."

Ó lọ jókòó sórí àpótí láàárín àgbàlá, ó sì gbé ojú sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Oòrùn ti mú. Eṣinṣin dé, ó ń fi ọwọ́ lé wọn títí ọwọ́ fi ro ó. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Bísíríyù télọ̀, ń jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì Ìkòròdú, ó fa àjákù aṣọ kan yọ nínú àpò, ó fi bo imú, ó sì bá ògiri sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán òun wá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti jẹ́ pé ògiri ló máa ń bá sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá kan ìyàwó rẹ̀.

Ojú tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹyẹ kùn yìí kì í ṣe ojú tó burú. Nígbà tí Bísíríyù lọ fẹ́ ẹ ní Òkè Bàlógun ní Ẹ̀pẹ́, ojú náà ló kọ́kọ́ rí, òun náà ló sì ń ròyìn fún àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bí Mùlíkátù, tí Fàósátù sì mọ ààrò sí àgbàlá láti máa yan ẹja àrọ̀ tà, ni àmì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí tòsì, ọ̀kan dábùú iwájú orí, ọ̀kan sì hù sókè ètè, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní túbọ̀mu. Kò dùn ún, kò yún un. Ó kàn dúdú ni, ó sì ń tàn kálẹ̀.

Àrọ̀ ni ẹja tó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ jù. Kí wọ́n tó ká a kọ́ igi, wọ́n gbọ́dọ̀ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ara rẹ̀ títí gbogbo yíyọ̀ yẹn yóò fi bó kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Fàósátù ṣe kọ́ ọ ní Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe ní Ìkòròdú. Àmọ́ ní Ìkòròdú, inú kànga ni wọ́n ti ń fa omi, kànga náà sì jìn sílé. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń nu òógùn ojú. Tó bá parí ẹja kan, ó ń nu ọwọ́ sára ìró, tí ọmọ bá sì ké, á sáré gbé e.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Rọ̀kíbátù, ló gbé ìtọ́jú kejì dé. Fàósátù kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè é, ó sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló fi ọjọ́ orí ṣàgbà. Rọ̀kíbátù ra agolo ìpara kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń gun orí àpótí ní gáréèjì láàárín àwọn bọ́lẹ̀kájà, tó ń pariwo pé ẹni tó bá fi pa ojú, ìyá tó bí i kò ní dá a mọ̀. Àwòrán obìnrin pupa kan wà lára agolo náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ ti ń lò ó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ara ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná jó irun rẹ̀, etí àti ọrùn sì dúdú síbẹ̀, àfi bí ẹni gbé orí ẹlòmíràn lé ọrùn ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an.

Ìpara náà ń rùn bíi kẹrosíìnì tí eku kú sí. Kí wọ́n tó fi pa ojú, ẹni tó ń tà á ti ní kí wọ́n gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ ha ojú náà títí yóò fi máa jó bí iná. Rọ̀kíbátù kò ní wá ọsàn jìnnà. Ìyá Elépo ní apẹ̀rẹ̀ kan tó kún dẹ́nu, tí wọ́n gbé wá fún un láti oko Ìmọ́tà.

Ìyá àti ọmọ fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di ìjà. Ìyá Elépo ní ohun tí wọ́n fi tọ́jú ojú ìyá tó bí òun lòun ń lò, òun kì í ṣe ẹni tí ará gáréèjì yóò tàn jẹ. Rọ̀kíbátù ní ayé ti là, àwọn ará Èkó kò fi ìgbẹ́ ẹyẹlé pa ojú mọ́. Bísíríyù ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà náà, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé tí yóò lọ júwọ́ sí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, iṣẹ́ sì pọ̀ fún un. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ó lè parí ìjà náà.

"Tí mo bá ní aṣọ méjì tí mi ò mọ èyí tí yóò ṣí, inú omi kan náà ni mo máa ń rẹ wọ́n sí, mo wá ń wò ó," ló wí. "Kí Ìyá mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Kí Rọ̀kíbátù mú tòsì. Èyí tó bá kọ́kọ́ mọ́, òun la ó fi pa gbogbo rẹ̀."

Àwọn méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ léèrè.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú Fàósátù ti di oko olóko méjì, imú sì ni ààlà. Láràárọ̀, Ìyá Elépo á jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú àpáàdì, Rọ̀kíbátù á jókòó sí òsì pẹ̀lú agolo, wọ́n á sì máa ṣọ́ ara wọn kí ọwọ́ ẹnìkan má baà kọjá ààlà. Ọ̀tún ń rùn, òsì ń jó. Eṣinṣin fẹ́ràn ọ̀tún jù. Àwọn obìnrin àdúgbò ń yà wá wò ó bí wọ́n ṣe ń yà wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n á ní kí ó yí sọ́tùn-ún, kí ó yí sósì, wọ́n á wá máa sọ èyí tí àwọn rò pé yóò borí. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka kàn án, ó sì nu ìka náà sára ògiri kí ó tó jáde. Fàósátù rí i. Ó wù ú kó gé ìka náà jẹ.

Bísíríyù gbé ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ìta, ó ní ooru ń mú òun, nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè gbogbo ará Ìkòròdú. Nígbà tó yá, ó mú ìyàwó rẹ̀ jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wò ó bó ṣe máa ń wo etí aṣọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti le, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Tòsì ti bó, ó ń ṣomi, awọ tó sì yọ lábẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Elépo ní ìpara ló ré ààlà kọjá. Rọ̀kíbátù ní ọṣẹ ló ṣàn wá. Ara Fàósátù fúnra rẹ̀ ló ti wá ń kó o nírìíra, òórùn ojú rẹ̀ ló ń gbọ́ nínú ẹ̀kọ tó bá gbé sẹ́nu.

Gbogbo èyí ni ì bá fara dà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Elépo ń wẹ ọmọ, ló bá ké sí gbogbo ilé pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Mùlíkátù kò tíì rìn nígbà náà, ọmú ló ṣì ń mu. Ìlà dúdú tò tẹ̀lé ara wọn lára itan rẹ̀ méjèèjì. Ó wà lábẹ́ apá rẹ̀. Òmíràn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìyá Elépo ní àrùn ojú ìyá rẹ̀ ló ti ràn án. Rọ̀kíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ, ó wò ó fínnífínní, ó ní kì í ṣe àrùn rárá, àpá ọwọ́ ni, ó dájú pé ìyá ọmọ ń lù ú tí kò bá sẹ́nìkan nílé. Fàósátù kúnlẹ̀, ó fi Kùránì búra pé òun kò na ọmọ òun rí. Wọ́n ní tí kò bá nà án, a jẹ́ pé àrùn náà ni. Ibi yòówù tí ọ̀rọ̀ náà bá yí sí, orí rẹ̀ ló ń wó lé.

Bísíríyù kó ìyá àtọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọkùnrin tó dá wọn lóhùn fi abẹ́rẹ́ gún àmì ojú náà, ó bi Fàósátù bóyá ó mọ̀ ọ́n lára, ó sì ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ló yẹ kí ìyẹn jẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ilé wá mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni àwọn kan ti ń rò látọjọ́ yìí, àwọn tí kò sì rò ó tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Elépo ya abọ́ ìyàwó sọ́tọ̀.

"Ọmọ yóò kúrò lẹ́nu ọmú," ni Bísíríyù wí. Iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló jókòó sí, ẹ̀rọ náà ló sì kọjú sí. "Ọ̀dọ̀ Ìyá ni yóò máa wà. Ìwọ máa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Tí ojú rẹ bá mọ́, ránṣẹ́ sí mi, mo máa wá mú ọ."

"Tí kò bá mọ́ ńkọ́?"

Bísíríyù fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, ariwo rẹ̀ sì gba yàrá.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbéra ní Ẹ̀bútè Ìkòròdú, àwọn èrò fún ara wọn mọ́ apá kan, wọ́n fi àyè tó lè gba àgbò méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmú rẹ̀ ti wú, ó le, wàrà sì ń dà á láyà. Ó ti rin bùbá rẹ̀ gbingbin, ó sì ti ń kan. Ó ń gbọ́ òórùn wàrà tó ń kan àti òórùn ọṣẹ tí kò tíì kúrò lójú rẹ̀, ó sì ń ronú pé bóyá ẹ̀gbin lòun lóòótọ́, bóyá àwọn ènìyàn yìí kò jẹ̀bi. Ó sunkún díẹ̀. Omijé náà ta á lójú.

Ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, ti ń yan ẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tó ti wà ní omidan. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó bi í nípa ọmọ, nígbà tó sì gbọ́ ibi tí ọmọ wà, ó bú ará Ìkòròdú láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá ní gbogbo nǹkan tí wọ́n fi pa á lójú kò dára, òun mọ ohun tó dára jù. Òróòro àrọ̀ ni. Ó yọ ọ́ nínú ẹja tútù, ó ń kó o jọ sínú ìkarahun kan, ó fọ́ wọn pọ̀, wọ́n sì ń fà bí ikun, àwọ̀ wọn bí ewé tó jẹrà nínú omi. Fàósátù ní òórùn rẹ̀ pọ̀. Ìyá rẹ̀ ní ìdí nìyẹn tí àwọn yóò fi fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì gbé ọsàn lé e lọ́wọ́ pé kó máa fún un.

Ó dijú kí ìyá rẹ̀ fi kùn ún, ó sì jókòó sí ìta nínú oòrùn. Òróòro náà ṣàn wọ igun ẹnu rẹ̀. Ó korò dé gbùngbùn ọ̀fun. Lọ́jọ́ yìí kò gbé nǹkan kan mì, ó bì í sórí iyanrìn níwájú gbogbo àwọn tó ń yan ẹja, kò sì tijú. Ó jọ pé gbogbo èébì tó ti ń gbé mì ní Ìkòròdú ló bá a jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó jókòó sẹ́yìn ahéré, ó ń fún wàrà ọmú rẹ̀ dà nù nítorí ìrora, ó sì rí apá ara rẹ̀. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, ó wọ́ dé ìgúnpá, ó sì yí kọ́rọkọ̀rọ bí omi ṣe ń yí tó bá ń ṣàn lára ènìyàn. Kò sí níbẹ̀ nígbà tó kúrò ní Ìkòròdú. Ẹnikẹ́ni kò sì fi òróòro tàbí ọṣẹ pa á níbẹ̀. Ó wá rántí pé òun gbé ọwọ́ sókè nígbà tí òun ń fún ọsàn, omi rẹ̀ ṣàn wá sí ìgúnpá òun, òun kò fọ̀ ọ́, òun lọ jókòó sínú oòrùn.

Ó ronú kan itan ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni Rọ̀kíbátù sọ, àpá ọwọ́ ni. Ọwọ́ òun ni. Ìka mẹ́rin níwájú, àtàǹpàkò lẹ́yìn, ibi tí òun ti máa ń di ọmọ mú tí òun bá sáré gbé e nídìí ẹja, tí ọsàn kò sì tíì gbẹ lọ́wọ́ òun, nínú oòrùn àgbàlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí òun máa ń fi ọwọ́ pa lára kó má sunkún mọ́ náà nìyẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Kò sọ fún ẹnìkan, torí pé ó fẹ́ kí ó dá òun lójú. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi fa ìlà méjì sí apá òsì rẹ̀. Ó fi omi ọ̀sà fọ ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀, ó sì na apá náà sí oòrùn. Ibi tó fọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Èkejì pọ́n, ó ta á, nígbà tó sì jinná, ó dúdú. Ó jókòó, ó ń wò ó. Látọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ ẹyẹlé wé ìpara, tí wọ́n ń fi ìpara wé òróòro, èyí tó ń rùn jù, èyí tó ń jó jù, èyí tó jẹ́ ti ayé àtijọ́, èyí tó jẹ́ ti ayé òde òní. Ọsàn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Òun náà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí pé bó ṣe ń bó yíyọ̀ ara ẹja, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bó dúdú ojú ènìyàn.

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbà.

"Àwa ńkọ́?" ni Ṣẹ̀rífátù bi í. Ó ń fọ àrọ̀ lọ́wọ́. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń fi ọsàn fọ ẹja. Ṣé ojú mi rí báyìí?"

"Ìyá mi, ibo lẹ dúró sí?"

Ṣẹ̀rífátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú omi ló dúró sí, ó mù ún dé orúnkún, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi bo ahéré sì ṣíji bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ àti ẹja àti ọsàn, gbogbo wọn ló ń wọnú ọ̀sà tí wọ́n ń jáde. Ó wá mú ìkarahun òróòro, ó ṣàn án, ó sì dojú rẹ̀ dé.

Fàósátù ì bá ṣì dúró kí ojú rẹ̀ sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n Kúbúrá, obìnrin kan tó máa ń ti Ìkòròdú wá ra ẹja, wọlé dé, ó sì rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Ó ní kí ìyá Mùlíkátù má dààmú, ìyá àgbà ọmọ kò fi ọ̀rọ̀ àmì ara rẹ̀ ṣeré, láràárọ̀ ló ń fi ọṣẹ inú àpáàdì ra á láti ẹsẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń tẹ́ ẹ sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Fàósátù ti ń wá gèlè. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ẹja lọ ni ó bá lọ.

Òórùn náà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ àgbàlá, ó sì rí ọmọ rẹ̀ lórí ẹní níhòòhò nínú oòrùn. Nǹkan tí wọ́n rẹ́ mọ́ ọn lára ti gbẹ, ó ti sán bí ẹrẹ̀, eṣinṣin sì bò ó lójú, lẹ́nu. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ti sunkún tẹ́lẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó kàn ń mí lókèlókè ni. Ìyá Elépo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fún ọsàn sínú àpáàdì fún ti ọ̀la.

Fàósátù kúnlẹ̀, ó kí i. Ó kí i tán pátápátá. Ó wá dìde, ó gbé ọmọ nílẹ̀, ó rí búta tí Ìyá Elépo pọn omi àlùwàlá sí, ó sì dà á sí ọmọ lára.

"Gbé ọmọ yẹn sílẹ̀," ni Ìyá Elépo wí. "Kò tíì gbẹ tán."

"Kò ní gbẹ mọ́, Ìyá."

"Ṣé ojú rẹ mọ́ tí o fi padà wá?"

"Kò mọ́."

Ó ń wẹ ọmọ náà lọ. Ẹ̀gbin náà ń ṣí ní ègé-ègé, ó ń já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, àmì ìka kò sí mọ́. Itan ọmọ náà ti dúdú pátá láti orúnkún lọ sókè, awọ ibì kan ti bó. Ìkórìíra gidi wọ inú Fàósátù lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe sí ìdin tàbí sí ìgbẹ́ ẹyẹlé. Ó kórìíra inú rere wọn.

Ó na apá òsì rẹ̀, ó fi ìlà dúdú náà han ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tó ṣe sí ara rẹ̀, ibi tó fọ̀ àti ibi tí kò fọ̀. Ìyá Elépo ní iná ẹja ló jó o. Rọ̀kíbátù, tó ti jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn, ní àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ dákun, Ìyá," ni Fàósátù wí jẹ́jẹ́, "ẹ wo ọwọ́ yín."

Ìyá Elépo wo ọwọ́ rẹ̀ láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ìka méjì tó fi ń bu nǹkan nínú àpáàdì ti dúdú dé oríkèé. Láàárín àwọn ìka tó kù, ibi tí omi ọsàn máa ń dúró sí tí ènìyàn bá ń fún un, ó ti ṣú bí ọwọ́ ẹni tó ń rẹ aṣọ sí aró. Ó fi ìró nù ún. Ó tún un nù, ó fi itọ́ sí i, ó tún un nù. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó wá fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìró. Rọ̀kíbátù gbé ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì padà sínú yàrá.

Ẹnìkan ti sáré lọ pe Bísíríyù ní ìsọ̀. Nígbà tó fi máa dé, Fàósátù ti jókòó sílẹ̀, ọmọ sì wà lẹ́nu ọmú rẹ̀. Wàrà náà kò pọ̀ mọ́, ọmọ ń fà á, ó ń dúró, ó ń fà á. Bísíríyù fa àjákù aṣọ rẹ̀ yọ, ó fẹ́ fi bo imú. Ó wo àpáàdì, ó wo ìyá rẹ̀ tó fi ọwọ́ pamọ́, ó bi í pé kí ló ṣe é lọ́wọ́. Fàósátù ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìgbé ohùn sókè. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Aṣọ imú náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò fi sí.

"Kí la máa wá fi tọ́jú ojú rẹ báyìí?" ló bi í. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń wò, kì í ṣe ògiri.

"Omi," ni Fàósátù wí. "Àti akẹtẹ̀."

Ó dúró kí ọmọ mu ọmú tán. Ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já gbá a dáadáa, ó sì fi gèlè rẹ̀ bo itan ọmọ náà kí oòrùn má baà kàn án. Bísíríyù ní kó jókòó kí àwọn sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò ra omi, òun yóò gbẹ́ kànga sínú àgbàlá, òun kò mọ̀ ni, ta ló mọ̀. Ó sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Lójú Fàósátù, ọkùnrin yìí ti wá rí bí ìdin etí àpáàdì ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bá a fi èékánná ta á dànù.

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà, ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí.

"Tí ọwọ́ Ìyá bá mọ́," ló sọ fún ògiri náà, "ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ó gba ọ̀nà ẹ̀bútè lọ.